Fóònù Gbé Ọ̀rọ̀ Mì, Ìwé Ìwọ̀n Télọ̀ Ló Sọ Òótọ́

Ìyá Ìbejì, télọ̀ obìnrin kan ní Ìmẹ̀sí-Ilé, kò mọ̀ rárá pé fóònù lè gbé ọ̀rọ̀ mì kó má sì pọ̀ ọ́ mọ́. Ọjọ́ tó mọ̀ ọ́n ni ọjọ́ tí ₦80,000 fẹ́ sọ òun àti àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, di ọ̀tá ara wọn. Ẹni tí wọ́n bá ti fi ẹ̀sùn owó tí kò jẹ kàn rí ló lè mọ bó ṣe ń dunni tó.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ní 2013 ni bàbá wọn kú. Ìnáwó òkú pọ̀ ju agbára wọn lọ, ni ẹbí bá fi oko kòkó bàbá náà dógò lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan nínú ìlú, wọ́n gba ₦280,000. Àdéhùn wọn ni pé ọ̀gbẹ́ni náà ni yóò máa ká kòkó títí ọjọ́ tí owó rẹ̀ bá pé sí i lọ́wọ́. Àbúrò Ìyá Ìbejì tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti ń fi òru tọ́jú àwọn arúgbó, ló ní òun kò ní jẹ́ kí oko bàbá òun gbé.

"Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Màá máa fi owó ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yin ẹ máa bá mi san án."

Láti oṣù Kẹsàn-án 2014 títí di oṣù Keje 2016, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló fi ₦40,000 ránṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦360,000. Oko bọ́, kòkó padà sọ́wọ́ ẹbí, inú gbogbo wọn dùn. Kò sí ẹni tó ronú pé ọ̀rọ̀ kù sílẹ̀.

PIN lójú pátákó

Ní ìgbà yẹn, BBM ni ẹni tó bá lajú fi ń sọ̀rọ̀. BBM yìí, èyí tí í ṣe BlackBerry Messenger, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Kánádà tí wọ́n ń pè ní Research In Motion ló gbé e jáde ní 2005. Kì í ṣe bíi tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń yọ owó rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹni tó bá ti san owó oṣù rẹ̀ lè fi ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lóòjọ́, kò sí ẹni tí yóò bi í pé èló ni. Fóònù BlackBerry kọ̀ọ̀kan ló ní PIN tirẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ tí wọ́n ti fi sí i lára láti ilé iṣẹ́. PIN yìí ni àdírẹ́sì. Èèyàn ìbáà mọ nọ́ńbà fóònù ẹnìkejì lórí bí owe, bí kò bá gba PIN rẹ̀, kò lè rí i lórí BBM.

Ni PIN bá di nǹkan ẹ̀yẹ. Àwọn oníṣòwò ń tẹ̀ ẹ́ sára káàdì, àwọn ọmọge ń béèrè rẹ̀ lójú agbo. Ìyá Ìbejì náà kò gbẹ́yìn. Ó ra BlackBerry àlòkù, ó sì ní kí ayàwòrán kọ PIN rẹ̀ sójú pátákó ìsọ̀ òun, lábẹ́ àwòrán maṣínnì àti àlùmọ́gàjí. Àwọn oníbàárà láti Iléṣà àti Òṣogbo ń fi àwòrán sítáì ránṣẹ́ sí i. Ohun tó wù ú jù níbẹ̀ ni lẹ́tà kékeré méjì kan: bí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí fóònù ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, D ni yóò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; bí ẹni náà bá ṣí i kà, ó di R. Oníbàárà tó jẹ gbèsè aṣọ kò lè sọ pé "n kò rí iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán" mọ́. R ti tú u fó.

Ṣùgbọ́n PIN yẹn, ti fóònù ni, kì í ṣe ti ènìyàn. Nígbà tí BlackBerry Ìyá Ìbejì já sínú garawa omi ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014, PIN ojú pátákó kú pẹ̀lú rẹ̀. Orí ló bá a ṣe é, nítorí láti oṣù Kẹwàá 2013 ni BBM ti ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn fóònù mìíràn. Ó ra fóònù Android kékeré kan, ọmọkùnrin tó tà á fún un bá a fi BBM sí i, wọ́n fún un ní PIN tuntun, ayàwòrán sì tún gba owó ọ̀dà ẹlẹ́ẹ̀kejì. Orí fóònù Android yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ oko wà. Àbúrò yóò kọ ọ́ pé, "Àǹtí, mo ti fi 40,000 ránṣẹ́." Ìyá Ìbejì yóò dáhùn pé, "Ó ti dé, mo ti gbé e fún wọn." D. R. Ó parí.

Ó wá ku ti alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹrin 2016. Ìjì jà ní Ìmẹ̀sí, afẹ́fẹ́ tó ń ti orí òkè bọ̀ ṣí páànù orí yàrá ìyá wọn, òjò sì rọ sórí ìyá arúgbó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Ìbejì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù lójú ẹsẹ̀. Àbúrò wà lẹ́nu iṣẹ́ òru. Ó dáhùn pé owó oko ti pé, pé ẹ̀ẹ̀mejì tó kù tí òun bá fi owó ránṣẹ́, kí ẹ̀gbọ́n òun fi ṣe òrùlé Màámi. Ọ̀rọ̀ kò ju ìlà méjì lọ. Ìyá Ìbejì kà á, ó gbàdúrà fún un, ó sì pe káfíńtà.

Ilẹ̀kùn tì

Ní gbogbo àkókò yìí, WhatsApp ti ń yọ́ wọlé. Kalifóníà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2009. Òun kò fẹ́ PIN. Nọ́ńbà fóònù ẹni ni àdírẹ́sì ẹni, oríṣiríṣi fóònù ló sì ń ṣiṣẹ́ lé lórí láti àárọ̀ ọjọ́. Nígbà tí ó fi máa di 2014, ó ti lágbára débi pé Facebook gbà láti fi bílíọ̀nù 19 dọ́là rà á. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó kúrò lórí BBM bí ìgbà tí ọjà bá ń tú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àwọn méjèèjì kì í gbọ́ èdè ara wọn. Fóònù tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ àti èyí tó ń gbà á gbọ́dọ̀ ní àdéhùn láàárín ara wọn: bí a ṣe ń kan ilẹ̀kùn, bí a ṣe ń fi ara ẹni hàn, bí a ṣe ń dì ọ̀rọ̀, bí a ṣe ń tú u. Àdéhùn BBM yàtọ̀, ti WhatsApp yàtọ̀. Ẹni tó wà lórí èkíní kò lè ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lórí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ lórí èkíní kì í dá bá ènìyàn kó lọ sórí èkejì.

Ní 2017 àbúrò ní, "Àǹtí, ẹ máa bọ̀ lórí WhatsApp o, kò sẹ́ni tó kù sórí BBM mọ́ jàre." Ìyá Ìbejì ra fóònù mìíràn, ó sì kó lọ. Ó ju ti àtijọ́ sínú àpótí òwú àti bọ́tìnnì. Ọ̀rọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ lórí ojú ewé òfìfo. Bí ìgbà tí ènìyàn kó kúrò nílé àtijọ́ ni, tó kó àga, tó kó ìkòkò, tó wá gbàgbé àpótí ìwé sí yàrá.

Ní oṣù Kẹrin 2019, ilé iṣẹ́ Emtek ti ilẹ̀ Indonéṣíà, tí BlackBerry ti gbé BBM lé lọ́wọ́ láti 2016, kéde pé àwọn yóò ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí oníkálùkù kó àwòrán àti ẹrù rẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2019, BBM kú. BlackBerry fúnra rẹ̀ ṣí òmíràn sílẹ̀ fún aráyé, BBM Enterprise, wọ́n ní ọdún àkọ́kọ́ ọ̀fẹ́ ni, lẹ́yìn rẹ̀ kí oníkálùkù máa san dọ́là 2.49 lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ta ni yóò san án? WhatsApp kò gba kọ́bọ̀. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìyá Ìbejì ń rán aṣọ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò gbọ́ ikú BBM, kò sì sí ẹni tó pè é sí ìsìnkú rẹ̀.

Wàhálà dé

Ní 2021 ìyá wọn papòdà. Àbúrò ti Lọ́ńdọ̀nù dé fún ìsìnkú ní oṣù Kejìlá. Wọ́n sin ìyá tán, àlejò lọ tán, ó wá bá ọ̀gbẹ́ni tó gba oko nígbà náà pàdé lọ́nà. Wọ́n kí ara wọn. Níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ọkùnrin náà ti ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe gudugudu o. ₦280,000 mi, kò dín kọ́bọ̀ kan."

Àbúrò dúró. Ó ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, ₦40,000. Nígbà tó wọlé, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Àǹtí mi, ẹ máà bínú o. ₦360,000 ni mo fi ránṣẹ́. ₦280,000 ni oko gbà. Níbo ni ₦80,000 wọlẹ̀ sí?"

"₦80,000 kẹ̀? Ṣebí ìwọ lo ní kí n fi ṣe òrùlé Màámi!"

"Èmi? Ìgbà wo?"

"Ọdún tí ìjì jà! O kọ ọ́ sí mi lórí BBM. R wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, o kà á, o sì fèsì."

"Àǹtí, n kò rántí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi hàn mí."

Ẹ fi hàn mí! Ìyá Ìbejì sáré wọnú ìsọ̀, ó tú àpótí bọ́tìnnì, ó yọ fóònù àtijọ́ jáde. Wọ́n fi sí ṣáájì láàárọ̀ dọ̀sán kó tó tanná. Àmì BBM ṣì wà lójú rẹ̀ gbàgà. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò wọlé. Ó ra dátà sí i, ó tún tẹ̀ ẹ́, kò wọlé. Ìyá Ìbejì gbé e dé ọ̀dọ̀ atúnfóònùṣe kan ní Iléṣà. Ọmọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó dá a padà fún un.

"Màmá, fóònù yín kò ṣàìsàn. Ibi tó ń lọ ni kò sí mọ́."

Àbúrò náà, fóònù mẹ́ta ló ti pààrọ̀ láti ìgbà yẹn. Kò sí nǹkankan lọ́wọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá di gbọ́nmi-si-omi-ò-to. Àbúrò kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lólè, ṣùgbọ́n kò jẹun nílé rẹ̀ mọ́. Ilé ọ̀rẹ́ ló ń sùn. Ìyá Ìbejì jókòó ti maṣínnì, kò lè tẹ̀ ẹ́. Òrùlé wà lókè níbẹ̀, gbogbo ayé ń wò ó, ṣùgbọ́n òrùlé kò lè sọ owó ẹni tí wọ́n fi kàn án, kò sì lè sọ ẹni tó ní kí wọ́n kàn án.

Bàbá Tíṣà dá sí i

Bàbá Tíṣà, àbúrò bàbá wọn, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ló ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì. Ó gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n, ó gbọ́ ti àbúrò. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó bi wọ́n pé, "Ẹ mọ ẹni tí Samuel Johnson jẹ́?"

Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀.

"Òjíṣẹ́ ni. Ogun Kírìjì tí wọ́n jà lẹ́bàá ìlú wa yìí, láti 1877 títí di 1893, òun àti Rẹ́fúrẹ́ńdì Charles Phillips wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà gómìnà Èkó wá ní 1886. Bí wọ́n ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn Ìbàdàn ní Ìgbájọ ni wọ́n ń padà sọ́dọ̀ àwọn Èkìtìparapọ̀ lápá ibí. Láyé ìgbà yẹn, àrokò ṣì wà. Bí wọ́n bá so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà ni: ọkàn ẹni náà ń fà sí ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ àdéhùn rẹ̀, owó ẹyọ lásán ló rí. Ọ̀rọ̀ ogun àti àlàáfíà kọjá èyí tí wọ́n lè fi mọ sínú owó ẹyọ. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn ọba àti balógun sì fọwọ́ sí i."

Ó mu omi díẹ̀.

"Johnson yìí náà ló kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo ayé ń kà. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìwé sọnù. Ìwé ńlá tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ, ó lọ bẹ́ẹ̀! Ó kú ní 1901, kò fojú rí i ní títẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ló wá mú kí ìwé náà wà lónìí?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

"Àbúrò rẹ̀ ni. Dókítà Obadiah Johnson. Ó tú ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rí àwọn ìwé pélébé pélébé tí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kọ, ó to gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tún un kọ. Ní 1921 ni ìwé náà jáde. Èyí tí wọ́n rán lọ sọnù, èyí tó wà nílé ló gbà wá. Ìyá Ìbejì, ìwọ tí ò ń wọn aṣọ gbogbo ayé, ibo ni èyí tó wà nílé?"

Ìyá Ìbejì la ẹnu, ó pa á dé. Ìwé ìwọ̀n! Télọ̀ wo ni kò ní in? Ìwé ilé ẹ̀kọ́ lásán ni, tó ń kọ àyà, ìbàdí, gígùn apá àti orúkọ oníbàárà sí, pẹ̀lú àsansílẹ̀ owó wọn. Méjìdínlógún ni wọ́n, ó fi okùn dì wọ́n sábẹ́ tábìlì ìgéṣọ. Ti 2016 wà níbẹ̀, eku ti jẹ igun rẹ̀ kan.

Wọ́n ṣí i níwájú Bàbá Tíṣà. Láàárín ìwọ̀n bùbá ìyàwó tuntun kan àti yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé ni wọ́n ti rí i, pẹ̀lú báírò aláwọ̀ búlúù: "Páànù Màámi. Àbúrò ní kí n lo 40 + 40. Ó kọ ọ́ ní alẹ́ àná, òjò ń rọ̀." Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni owó páànù, owó igi, owó ìṣó, owó iṣẹ́ káfíńtà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦72,000. Ìlà kan tún wà lábẹ́ rẹ̀: "Ó ku 8. Mo yá a san owó ìdánwò àwọn ìbejì. Màá dá a padà."

Ilé dákẹ́ lọ gbári.

Ojú ti Ìyá Ìbejì. Ó ti gbàgbé ₦8,000 yìí pátápátá. Ìwé tó wá gbè é náà ló tún tú u fó. Kò wí àwíjàre. Ó kúnlẹ̀ níwájú àbúrò bàbá rẹ̀, ó ní, "Bàbá, òótọ́ ni. N kò sọ fún un. Mo fẹ́ dá a padà, mo sì gbàgbé."

Àbúrò kò wo ìlà ₦8,000. Ìlà òkè ló tẹjú mọ́. "Òjò ń rọ̀." Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Nígbà tó yá ó ní, "Àǹtí mi, mo ti rántí. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi iṣẹ́ ni mo wà. Mo lọ sunkún níbẹ̀ nítorí Màámi ń sùn nínú òjò, mo sì wà lọ́nà jíjìn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ ọ́. Ẹ dárí jì mí." Ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde nílẹ̀. Àwọn méjèèjì wá ń sunkún ìyá wọn lákọ̀tun.

Bàbá Tíṣà jẹ́ kí wọ́n sunkún tẹ́rùn. Ó wá ní, "₦8,000 ńkọ́?"

Àbúrò fi gèlè nu ojú. Ó sún ìpèkù aṣọ rẹ̀ sókè, ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà bí àwọn òṣómàáló ayé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ àwìn kiri tí wọn kì í dìde níwájú onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Ó ní, "Ìjẹ̀ṣà ni mí. Òṣó ni màá ló gbowó mi." Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Ìyá Ìbejì san án kí àbúrò tó wọ ọkọ̀ òfúrufú padà, àbúrò sì fi í lé àwọn ìbejì lọ́wọ́ fún owó dátà.

Lónìí, orí WhatsApp ni wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, ṣùgbọ́n ojú Ìyá Ìbejì ti là. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti ṣàlàyé fún un pé WhatsApp lè tọ́jú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ sórí Google bí ènìyàn bá ní kó ṣe é, pé kí ó kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má fi í sílẹ̀ sórí ọmọ tó ta fóònù fún un. Ó tún sọ fún un pé WhatsApp náà máa ń fi àwọn fóònù tó ti gbó sílẹ̀ lọ: ó fi BlackBerry àtijọ́ sílẹ̀ ní òpin 2017, ó sì fi àwọn Android tó ti pẹ́ jù sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2021. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà tí ènìyàn bá pa tì fún ìgbà pípẹ́, wọ́n lè gbà á padà kí wọ́n fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ìwé ìwọ̀n ti di méjì ní ìsọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan fún aṣọ, ọ̀kan fún owó ẹbí: ọjọ́, iye, ẹni tó fi ránṣẹ́, ohun tó ní kí wọ́n fi ṣe. Bí owó bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé, Ìyá Ìbejì yóò kọ "ó ti dé" sórí WhatsApp, àmì méjì yóò yọ, wọn yóò di búlúù. Kì í pẹ́ tí àbúrò rẹ̀ yóò fi dá èsì padà, ìbéèrè kan náà ló máa ń jẹ́ nígbà gbogbo:

"Àǹtí mi, ẹ ti kọ ọ́ sínú ìwé?"